Ta Ló Bá Bàálù Gbé E? Ìtàn Ìrànwọ́ Ilẹ̀ fún Ọkọ̀ Òfuurufú

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ń jẹ́ ẹrù, kó wá sí Ọjà'ba ní ọ̀sán gangan. Níbẹ̀ ni àwọn alábàárù ti ń ṣiṣẹ́ wọn láàárín àwọn tó ń ra àti àwọn tó ń tà. Alábàárù kì í dá ẹrù ńlá gbé karí. Yóò fi òṣùká sórí, yóò bẹ̀rẹ̀, ẹni tó ni ẹrù yóò sì bá a gbé e. Ọwọ́ ẹni méjì ni ẹrù náà fi ń dé orí. Ṣùgbọ́n tí ẹnì kejì bá ti yọwọ́, ọrùn ẹnì kan ṣoṣo ló kù. Ìgbà yẹn gan-an ni a óò mọ̀ bóyá ẹrù náà mọ níwọ̀n agbára ẹni tó rù ú, tàbí ó jù ú lọ.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni ìyá ìyá mi fi jókòó ti àtẹ ní Ọjà'ba. Tí ẹnikẹ́ni bá ń bá alábàárù gbé ẹrù níwájú àtẹ rẹ̀, ohun tó máa ń sọ ni pé, "Má tíì yọwọ́ o, jẹ́ kó dúró dáadáa ná." N kò mọ̀ nígbà náà pé ọ̀rọ̀ yìí ni yóò là mí lójú sí bí bàálù ṣe ń gbéra àti bó ṣe ń balẹ̀.

Bẹyẹrúnká ni ilé wa. Tí wọ́n bá rán mi níṣẹ́ lọ sí Bẹẹrẹ, mo máa ń yà gun òkè Mápó, kí n dúró sí iwájú gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí ní 1929, kí n sì wo páànù ilé Ìbàdàn tó ti dípẹtà lọ súà. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bàálù kan yóò kọjá lókè, tí yóò máa wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sí ìhà Alákìá, níbi tí pápákọ̀ òfuurufú wa wà. Ìbéèrè tí mo máa ń bi ara mi ni pé: nígbà tí irin tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ bá fẹ́ kúrò nílẹ̀, ta ló ń bá a gbé e?

Nígbà tí mo rí ìdáhùn, ó yà mí lẹ́nu. Ilẹ̀ tó fẹ́ fi sílẹ̀ yẹn gan-an ló ń bá a gbé e. Àwọn onímọ̀ ń pe èyí ní ground effect. Nínú àròkọ yìí, ìrànwọ́ ilẹ̀ ni n ó máa pè é. Mo fẹ́ sọ ìtàn bí ọmọ ènìyàn ṣe jàǹfààní ìrànwọ́ yìí kó tó mọ̀ pé ó wà, bó ṣe wá mọ̀ ọ́n, àti ohun tí ojú rí nígbà tí ẹrù wúwo ju agbára ẹni tó fẹ́ gbé e lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń gbé bàálù ró lójú òfuurufú. Bí bàálù ṣe ń sáré, apá rẹ̀ ń ti afẹ́fẹ́ sí ìsàlẹ̀, afẹ́fẹ́ náà sì ń ti apá náà sókè. Afẹ́fẹ́ abẹ́ apá ń tì í ju bí ti orí apá ṣe ń tì í lọ. Ìdí nìyí tí bàálù kò fi jábọ́. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ abẹ́ apá kì í dúró jẹ́ẹ́. Ní ṣóńṣó apá méjèèjì, ó máa ń sá jáde, á gba ẹ̀gbẹ́ gòkè, á sì máa pòòyì lẹ́yìn bàálù bí ààjà tó ń gbé eruku kiri lásìkò ọyẹ́. Ààjà yìí ń fa bàálù sẹ́yìn, ẹ́ńjìnì sì gbọ́dọ̀ lo apá kan agbára rẹ̀ láti borí rẹ̀.

Tí bàálù bá wà nítòsí ilẹ̀, ààjà náà kì í rí àyè pòòyì bó ṣe fẹ́, nítorí ilẹ̀ dí i lọ́nà. Afẹ́fẹ́ tí apá ń tì sí ìsàlẹ̀ náà kì í rí ibi gbà lọ bọ̀rọ̀. Nítorí náà, ohun tó ń fa bàálù sẹ́yìn á dínkù, ohun tó ń gbé e sókè á sì lé díẹ̀ sí i. Bí ìrànwọ́ yìí ṣe máa pọ̀ tó dúró lórí bí apá ṣe gùn tó àti bó ṣe súnmọ́ ilẹ̀ tó. Ká sọ pé bàálù kan gùn ní mítà 30 láti ṣóńṣó apá kan dé ṣóńṣó apá kejì. Tí apá rẹ̀ bá wà ní mítà 30 sókè ilẹ̀, ìfàsẹ́yìn ààjà yẹn kò dínkù ju nǹkan bí ìdá kan àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Tó bá wálẹ̀ sí mítà 7 àbọ̀, ó ti dínkù ní nǹkan bí ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún. Tó bá wálẹ̀ dé mítà 3, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì tó dínkù. Èyí fi hàn pé ìrànwọ́ ilẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n kì í bá bàálù rìn jìnnà.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ lè dán an wò. Ẹ fi ìwé ṣe bàálù, kí ẹ rọra jù ú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí sìmẹ́ńtì rẹ̀ tẹ́jú. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kó kan ilẹ̀, ẹ ó rí i tí yóò máa yọ̀ lọ síwájú bí ẹni pé kò fẹ́ balẹ̀. Àwọn ẹyẹ ti mọ ọgbọ́n yìí ṣáájú wa. Ẹyẹ òfú lè na ìyẹ́ lórí omi, kó máa lọ jìnnà láìju ìyẹ́, tí àyà rẹ̀ yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan omi.

Ní 1901 ni ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn. Kò tó ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá 1903, lẹ́bàá Kitty Hawk ní Amẹ́ríkà, Orville Wright dojú bolẹ̀ lórí bàálù tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Wilbur, fi igi àti aṣọ kàn, ó sì gbéra. Ìṣẹ́jú àáyá 12 ló fi wà lókè, ibi tó sì fò dé kò ju ẹsẹ̀ bàtà 120 lọ. Gbogbo ayé ló mọ ìtàn yìí, ṣùgbọ́n ohun kan wà níbẹ̀ tí a kì í sábà sọ. Apá bàálù náà gùn ju mítà 12 lọ díẹ̀, gíga tó sì fò sí kò ju nǹkan bí mítà 3 lọ. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ìdá kan nínú mẹ́rin gígùn apá ni. Láti ìgbà tó gbéra títí tó fi balẹ̀, ilẹ̀ kò yọwọ́ lára rẹ̀. Àwọn ọmọ Wright jàǹfààní ìrànwọ́ náà nígbà tí kò tíì sí ìṣirò kankan tó ṣàlàyé rẹ̀.

Ìlú Göttingen ní Jámánì ni ìṣirò náà ti wá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ludwig Prandtl àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló ṣe ìwádìí ààjà ṣóńṣó apá. Ọ̀kan lára wọn, Carl Wieselsberger, gbé ìwé jáde ní 1921 lórí apá tó bá wà nítòsí ilẹ̀. Ọgbọ́n tó dá rọrùn láti lóye. Ó ní ká rò ó bí ẹni pé bàálù mìíràn wà lábẹ́ ilẹ̀ tó dojú dé, gẹ́gẹ́ bí àwòrán ẹni ṣe máa ń hàn nínú omi. Ààjà bàálù abẹ́ ilẹ̀ yẹn ló ń ta ko ààjà tòkè. Láti orí ọgbọ́n yìí ni àwọn onímọ̀ ti lè sọ iye tí ilẹ̀ ń fi ran bàálù lọ́wọ́.

Ní àkókò yẹn, bàálù ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá 1925, bàálù àwọn ọmọ ogun òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí Arthur Coningham ṣáájú wọn, ti Cairo wá balẹ̀ sí Kano. Nígbà tó di 1936, bàálù ti ń gbé lẹ́tà wọ Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ní 1931, láàárín àkókò méjèèjì yìí, ohun kan ṣẹlẹ̀ ní etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tó kan ọ̀rọ̀ wa gbọ̀ngbọ̀n.

Àwọn ará Jámánì kan bàálù ojú omi kan tí wọ́n pè ní Do X. Ẹ́ńjìnì 12 ló ní, apá rẹ̀ sì gùn tó mítà 48. Ó gba etíkun wa sọ̀ kalẹ̀ dé Bolama, ní ilẹ̀ tí a mọ̀ sí Guinea-Bissau lónìí, láti ibẹ̀ kó lè sọdá òkun Àtìláńtíìkì lọ sí Brazil. Epo tó gbé fún ìrìn àjò náà mú kó wúwo gan-an, kò sì rọrùn fún un láti lọ sókè. Ìtòsí omi ni wọ́n wá ń fò lórí òkun, ní ìwọ̀nba mítà díẹ̀, nítorí pé ojú omi ń ran bàálù lọ́wọ́ bí ilẹ̀ ṣe ń ràn án lọ́wọ́. Bí epo ṣe ń jó ni ẹrù ń fúyẹ́. Ní oṣù Kẹfà 1931, Do X dé Brazil. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn àti àwọn ọmọ Wright nìyí: àwọn wọ̀nyí mọ ẹni tó ń bá wọn gbé e, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ dúró tì í.

Àwọn mìíràn tilẹ̀ fẹ́ kí ìrànwọ́ náà má kúrò láé. Ní 1966, àwọn ará Rọ́ṣíà gbé ọkọ̀ ńlá kan jáde lórí òkun Caspian, tí wọ́n ṣe ní tìtorí pé kó lè máa fò nítòsí omi. Ṣùgbọ́n bàálù tí èmi àti ẹ̀yin ń wọ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Igi wà níwájú, ilé wà, òkè wà. Ó gbọ́dọ̀ fi ilẹ̀ sílẹ̀, ibẹ̀ sì ni ewu wà.

Ewu náà ni pé ìrànwọ́ ilẹ̀ lè mú kí bàálù kúrò nílẹ̀ kó tó ní eré tó lè fi gòkè. Táyà á ti kúrò nílẹ̀, awakọ̀ á rò pé ó ti parí. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń gòkè ni ilẹ̀ ń yọwọ́ díẹ̀díẹ̀, tí ìfàsẹ́yìn ààjà sì ń padà dé. Tí agbára bàálù náà kò bá tó o, kò ní lè gòkè mọ́; ó lè máa rì padà sílẹ̀ nígbà tí ojú ọ̀nà tó ti ń sáré ti tán lábẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kọ́ awakọ̀ pé tí wọ́n bá ń gbéra láti orí ilẹ̀ tó rọ̀ tàbí tó kún fún koríko, kí bàálù kọ́kọ́ dúró nítòsí ilẹ̀, kó kó eré jọ, kó tó dojú kọ òkè. Ọ̀rọ̀ ìyá ìyá mi náà ni: jẹ́ kó dúró dáadáa ná.

Ní ọjọ́ 20 oṣù Kọkànlá 1974, bàálù Boeing 747 kan gbéra ní Nairobi ní Kenya. Àwọn abala iwájú apá tó yẹ kí wọ́n nà jáde láti fi kún agbára ìgbéra kò jáde. Bàálù náà kúrò nílẹ̀, ó gòkè dé nǹkan bí mítà 30, èyí tó jẹ́ nǹkan bí ìdajì gígùn apá rẹ̀. Kò lè kọjá ibẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó wálẹ̀, ó sì fọ́. Nínú ènìyàn 157 tó wà nínú rẹ̀, 59 kú.

Èyí tó súnmọ́ wa jù ṣẹlẹ̀ ní Kutọnu, ní ilẹ̀ Benin, ní ọjọ́ Kérésìmesì 2003. Bàálù Boeing 727 kan fẹ́ gbé àwọn èrò lọ sí Beirut. Púpọ̀ nínú wọn ń lọ sílé lọ fi ọdún ṣe pẹ̀lú ẹbí. Ẹrù pọ̀ ju bó ti yẹ lọ, wọ́n sì tò ó lọ́nà tó mú kí iwájú bàálù wúwo jù, bẹ́ẹ̀ ni àwọn awakọ̀ kò mọ bí ìwúwo náà ṣe tó gan-an. Ojú ọ̀nà ìsáré náà gùn ní mítà 2,400. Bàálù náà sá a dé òpin kó tó lè fi ilẹ̀ sílẹ̀, kò sì gòkè. Ilé kékeré kan wà lẹ́yìn òpin ojú ọ̀nà náà, tí kò ga tó mítà mẹ́ta. Bàálù náà kọlu orí ilé náà, ó sì já sí etíkun. Nínú ènìyàn 163, 141 ló kú.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Apá Boeing 727 gùn tó nǹkan bí mítà 33. Ní gíga tí kò tó mítà mẹ́ta, kò sí bí ilẹ̀ ṣe tún lè bá a gbé e ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ilẹ̀ sa gbogbo ipá rẹ̀, ẹrù náà ló ju agbára lọ.

Mo ní ohun kan láti jẹ́wọ́ níbí. Nígbà tí mo wà ní ìwé kejì ní girama, àbúrò ìyá mi tó ń gbé ní London wá kí wa. Nígbà tó ń padà, a di èlùbọ́, ẹ̀gúsí àti ata gígún fún un. Ní pápákọ̀ òfuurufú, ìwọ̀n fi hàn pé ẹrù rẹ̀ ti pọ̀ jù, wọ́n ní ká yọ díẹ̀. A yọ ọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èmi gan-an ni mo tún pín èlùbọ́ náà sínú ọ̀rá kéékèèké, tí mo fi sí àpò kóòtù rẹ̀ àti sí ìsàlẹ̀ báàgì ọwọ́. Ẹ̀rín ni a ń rín padà dé Ìbàdàn. Mo rò pé mo gbọ́n ju ìwọ̀n lọ.

Mo mọ̀ pé èlùbọ́ kílò mẹ́ta kò lè já bàálù lulẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti ka ìtàn Kutọnu, n kò lè fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín mọ́. Tí ó bá jẹ́ pé gbogbo ilé ló ń fi ọgbọ́n wọlé bíi tiwa, ta ni yóò sọ fún awakọ̀ iye ohun tó rù? Alábàárù Ọjà'ba lè dán ẹrù wò kó tó gbé e, ó sì lè sọ pé, "Ẹ yọ díẹ̀ níbẹ̀." Awakọ̀ bàálù kò lè fi ọwọ́ gbé e wò. Ohun tí ìwé bá sọ fún un ni yóò gbà gbọ́.

Ó ku ti bíbalẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ẹrù kalẹ̀, tí ẹlòmíràn sì ń bá a gbé e sókè, kò ní tètè rí i sọ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rí fún bàálù. Bó ṣe ń súnmọ́ ilẹ̀ ni ìrànwọ́ náà ń padà wá. Tí eré bàálù bá mọ níwọ̀n, ìrànwọ́ náà á jẹ́ kó rọra fara kan ilẹ̀. Ṣùgbọ́n tí eré náà bá pọ̀ jù, á máa léfòó lọ lórí ojú ọ̀nà, kò ní fẹ́ balẹ̀. Bàálù tó ń sáré kìlómítà 240 ní wákàtí kan ń rin nǹkan bí mítà 67 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tó bá léfòó fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ péré, nǹkan bí mítà 500 ti lọ. Lórí ojú ọ̀nà bíi ti Kutọnu, ìyẹn ti ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì tẹ bíréèkì. Tí òjò bá tún ti rọ̀ sílẹ̀ ńkọ́? Nítorí náà ni wọ́n fi ń kọ́ awakọ̀ pé kó má fi agbára tẹ bàálù mọ́lẹ̀. Tí ojú ọ̀nà bá ń tán lọ, kó gbéra padà, kó yípo, kó sì tún un ṣe. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ ìlú òkèèrè ni mo ń sọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 3 oṣù Kọkànlá 2023, bàálù kékeré kan tó ń bọ̀ láti Abuja já sínú igbó nítòsí pápákọ̀ òfuurufú Ìbàdàn níbi tó ti fẹ́ balẹ̀. A dúpẹ́ pé kò sí ẹni tó kú. N kò sọ pé ìrànwọ́ ilẹ̀ ló fà á. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìwọ̀nba mítà tó kẹ́yìn láàárín bàálù àti ilẹ̀ ni ibi tí awakọ̀ kò ti gbọ́dọ̀ ṣe àṣìṣe, níbí àti níbi gbogbo.

Láti 1903 títí di òní, ilẹ̀ kò yí ìwà padà. Ó bá àwọn ọmọ Wright gbé e, ó bá Do X gbé e, ó bá bàálù Kutọnu náà gbé e. Ẹni tó mọ ibi tí ìrànwọ́ rẹ̀ pin sí ló gòkè, ló sì balẹ̀ láyọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo tún gba Ọjà'ba kọjá. Obìnrin kan ń bá alábàárù gbé àpò kan tó tóbi ju alábàárù náà lọ. Nígbà tó kù díẹ̀ kó yọwọ́, mo gbọ́ tí ẹnu mi sọ ọ́ kí n tó mọ̀: "Ẹ má tíì yọwọ́ o, ìyá." Alábàárù náà gbọ́. Ó dúró díẹ̀, ó tún ọrùn ṣe, ó sì ní kí wọ́n bá òun sọ̀ ọ́. Wọ́n pín ẹrù náà sí méjì. Ó gbé ìdajì lọ sí ìhà Mápó, ó sì padà wá gbé ìyókù.